Orúkọ Wa Dà?

Fóìsì nóòtì yẹn ò ju ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá lọ. Bàbá Ìbejì ló fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní February 2024, lọ́jọ́ tí mo pín fọ́tò sórí gúrúùpù wa. Wọ́n wúkọ́ díẹ̀, wọ́n ní: "Ìyá Dámi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti rí fọ́tò yẹn, mo fi ìka fẹ̀ ẹ́, mo wò ó dáadáa. Orúkọ wa dà?" Ó parí síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn kiri. Mo gbé e lọ síbi iṣẹ́ alẹ́, mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì, mo ń gé àlùbọ́sà lọ́wọ́ ó ń dún sí mi létí. Mi ò sì dá wọn lóhùn o. Èmi tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé mo máa ń yára fèsì, mo kàn fi àmì ọwọ́ méjì tó ń ṣàdúrà yẹn sí i, mo sá.

Kì í ṣe pé wọ́n bú mi. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ṣèlérí orúkọ. Èmi gan-an, pẹ̀lú máíkì lọ́wọ́, nínú léèsì tí mo fi owó oṣù kan odindi rà.

Ọjọ́ tí mo pé àádọ́ta

Ẹ jẹ́ n tètè sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, èmi àti nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Màláwì la jọ máa ń ṣe náìtì. Nígbà tí kọ́lẹ́rà gba gbogbo Màláwì kan ní 2022 wọ 2023, tó jẹ́ pé kó tó rọlẹ̀ ó ti pa èèyàn tó lé ní 1,700, àǹtí rẹ̀ kan wà nínú wọn. Ọjọ́ méjì péré ló fi ṣọ̀fọ̀, ó padà síṣẹ́. Lóru ọjọ́ kan, bí aago mẹ́ta, a ń mu tíì, ó kàn ṣáà sọ̀rọ̀ lójijì pé fọ́nfọ́n abúlé wọn, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ fa omi, ni ò ṣiṣẹ́ mọ́, pé odò ni wọ́n ń pọn, pé odò yẹn náà ni ẹran ń mu. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo bi í pé ta ló yẹ kó tún un ṣe. Ó ní ẹgbẹ́ kékeré kan wà nítòsí wa níbí tí wọ́n ń ṣe nǹkan omi ní agbègbè Ntcheu, níbi tí wọ́n ti bí i, pé Sátidé ni wọ́n máa ń ṣèpàdé.

Mo ní kékeré, kékeré náà ni mo ń wí. Èèyàn mẹ́fà ni trustee wọn, àwọn tó ń darí ẹgbẹ́, ẹni tó kéré jù nínú wọn ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò sì sẹ́ni tó ń gba owó oṣù. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run, nítorí náà mo kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wọ́n wò. Nígbà yẹn, ní 2023, òfin níbí ni pé ẹgbẹ́ aláàánú tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ti kọjá £5,000 gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Charity Commission, àjọ tó ń mójú tó àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, tó bá wá kọjá £25,000, ẹlòmíì tí kì í ṣe ara wọn gbọ́dọ̀ yẹ ìwé owó wọn wò, ìwé yẹn á sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Mo kà á lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì. Tíì àti bisikíìtì tí wọ́n jẹ nípàdé fún odindi ọdún kan, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, £31. Ẹni tó kọ owó bisikíìtì sílẹ̀, ọkàn mi balẹ̀ lórí ẹ̀.

Torí ẹ̀ nígbà tí mo máa pé àádọ́ta ní October 2023, mo ní kẹ́nikẹ́ni má gbé kúlà wá, kẹ́nikẹ́ni má gbé sẹ́ẹ̀tì abọ́ wá, kúlà ti kún ilé mi dé ẹnu ọ̀nà. Kí wọ́n fi owó ẹ̀bùn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀hóòlù kan la fẹ́ fi gbẹ́.

Àǹtí mi pè mí láti Ìjẹ̀bú-Igbó. "Màláwì? Níbo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé tálákà ti tán ní Ìjẹ̀bú ni? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde o." Mo ní Àǹtí, oṣooṣù kúkú ni mò ń fi tiyín ránṣẹ́. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, Ọlọ́run á bù sí i, ṣùgbọ́n mo ṣì ń bi ọ́. Mi ò ní parọ́, mi ò ní èsì gidi kan lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni téèyàn bá ti jọ jókòó ní aago mẹ́ta òru fún ọdún mẹ́rin, tó ti bá ẹ gbé òkú aláìsàn, tó ti fi búrẹ́dì ẹ̀ pín ẹ, kì í ṣe ará ìta mọ́. Bí ìyá ẹ̀ bá ń mu omi ẹran, ọ̀rọ̀ náà ti wọlé mi.

Ọjọ́ ayẹyẹ wá pé. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n ná mi lówó, dọ́là kan-kan pọ̀ nínú ẹ̀ ju pọ́n-ùn lọ (ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣẹ́ dọ́là wá sí párì ní Lọ́ńdọ̀nù, Ọlọ́run ń wò yín). Ṣùgbọ́n bọ́kẹ́ẹ̀tì ò kún. Mo ń wò ó láti orí ìjókòó mi. Àwọn èèyàn ń kọjá lára ẹ̀ bíi pé igbá ọrẹ ọ̀sán Sunday ni. Ẹ́ńsíì wa, ọmọ Ìbàdàn tó gbọ́n, ó tẹ̀ ba, ó ní, "Màmá, tówó bá máa jáde lápò Yorùbá, ẹ jẹ́ ká porúkọ." Ni mo bá gba máíkì. Ẹnikẹ́ni ò rán mi, ẹgbẹ́ yẹn ò tiẹ̀ mọ̀. Mo ní ẹni tó bá ti fún wa ní £50 sókè, orúkọ ẹ̀ máa wà lára máàbù tá a máa lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀hóòlù yẹn, títí ayé.

Ariwo sọ! Bàbá Ìbejì ni wọ́n kọ́kọ́ nàwọ́ sókè, £100. Wọ́n mọ iṣẹ́ náà, torí àwọn fúnra wọn ti gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù síwájú ilé bàbá wọn ní Àgọ́-Ìwòyè ní 2016, gbogbo wa la wo fídíò ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, pásítọ̀ gé ríbọ́ọ̀nù, omi tú jáde, obìnrin kan da omi sára ó ń jó. Lẹ́yìn wọn ni àwọn yòókù tẹ̀lé e. Ẹni tó ti ń múra àtilọ tẹ́lẹ̀ padà wá jókòó.

Nígbà tá a kà á tán lóru ọjọ́ yẹn lórí tábìlì ìdáná mi, £2,310 ni, èèyàn mẹ́tàlélógójì. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú wọn ló ti ra orúkọ.

Ti Gift Aid nìkan tún jẹ́ ìtàn. Ohun tó jẹ́ ni pé tó o bá ń san owó orí níbí, tó o sì fowó ta ẹgbẹ́ aláàánú lọ́rẹ, ìjọba á fi pẹ́ńsì 25 lé pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan nínú owó orí tó o ti san, kò ná ẹ ní nǹkan kan ju kó o kọ orúkọ, àdírẹ́sì, kó o sọ pé o fọwọ́ sí i. Mo pín fọ́ọ̀mù. Ẹ ò rí bí àwọn èèyàn mi ṣe ń wo fọ́ọ̀mù yẹn. "Ṣé Home Office ò ní rí i?" "Ṣé wọn ò ní wá bi mí pé níbo ni mo ti rówó ayẹyẹ?" Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo £100 sínú máíkì níwájú igba èèyàn, kò fẹ́ kọ ọ́ sórí bébà. Àwọn mọ́kàndínlógún ló kọ ọ́, £1,040 ni tiwọn jẹ́, ìjọba fi £260 lé e. Gbogbo ẹ̀ wá di £2,570. Owó yẹn kò lè gbẹ́ kànga kan tán, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ní àwọn ní ìyókù nílẹ̀.

"Orúkọ wà lára ẹ̀"

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí.

Sátidé ni, 18 November. Àwa mọ́kànlá há sínú kíṣìnì họ́ọ̀lù ṣọ́ọ̀ṣì kan torí pé ibẹ̀ nìkan ni Wi-Fi ti ń mú. Aago mẹ́wàá àárọ̀ lọ́dọ̀ wa, aago méjìlá ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù ka orí fíríìjì. A wá yan ibi tí bọ́ọ̀hóòlù tuntun máa wà ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní ìpàdé ò ní kọjá wákàtí kan. Nínú báàgì mi, ìwé orúkọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n wà níbẹ̀, Dámi ló bá mi tẹ̀ ẹ́, ọmọ yẹn tiẹ̀ fi àmì sí i lókè nísàlẹ̀. Mo ti béèrè iye tí máàbù máa jẹ́.

Ọkùnrin tó ń bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún gbé fóònù rìn ká kí a lè rí abúlé. Ilẹ̀ pupa, ó gbẹ táútáú. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni November lọ́dọ̀ wọn, òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀. Obìnrin bíi mẹ́jọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ìgbìmọ̀ omi ni wọ́n. A kí wọn, wọ́n kí wa. Trustee wa àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bọ́ọ̀hóòlù tuntun, wọ́n ń mi orí.

Obìnrin kan dìde. Ó ti dàgbà díẹ̀, ó ró chitenje, ìró wọn tó dà bí àǹkárá wa yẹn, ó tún fi òmíràn wé orí. Kò sọ nǹkan kan fún wa. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Fóònù ń mì, ilẹ̀ là ń rí, ẹsẹ̀ là ń rí, ilẹ̀, ẹsẹ̀, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹnì kan lọ́dọ̀ wa ní bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Lẹ́yìn náà ó dúró.

Fọ́nfọ́n ọwọ́ ni. Pèpéle sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi yí i ká ti sán, ewúrẹ́ kan sùn sórí ẹ̀, kò tiẹ̀ dìde. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku kúrò lára nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́nfọ́n yẹn, ó wá gbé fóònù sún mọ́ ọn dáadáa kí a lè rí i. Máàbù. Lẹ́tà wúrà. Orúkọ àwọn olówó ibòmíì, ọdún 2014, ẹsẹ Bíbélì kan nísàlẹ̀. Kò sí ibi tó ti sán lára máàbù yẹn.

Ó di ọwọ́ fọ́nfọ́n mú, ó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kẹ̀ù. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kẹ̀ù. Irin gbígbẹ. Ó sọ̀rọ̀, gbólóhùn kan péré, àwọn obìnrin tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi tó dúró tì mí ló túmọ̀ ẹ̀ kí ọkùnrin yẹn tó ya ẹnu, ohùn ẹ̀ ti yàtọ̀. "Ó ní orúkọ wà lára ẹ̀, omi ni kò sí."

Àwa ò rẹ́rìn-ín o. Obìnrin yẹn ò dẹ̀ bínú, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ní ṣé a mọ àwọn tó ni orúkọ yìí? Pé tá a bá mọ̀ wọ́n, ká jọ̀ọ́ bá wọn sọ pé rọ́bà inú ẹ̀ ti jẹ. Ó ní ọdún mẹ́ta nìyí tí àwọn ti ń wá ẹni táwọn máa sọ fún.

Mo fọwọ́ kan ìwé inú báàgì mi. Mi ò mú un jáde.

Trustee wa àgbà bi wọ́n pé irú fọ́nfọ́n tó wà báyìí, mélòó ló wà tí wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fìka kà á, wọ́n ń jiyàn láàárín ara wọn, wọ́n ń pe orúkọ abúlé. Mọ́kànlá. A ò sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀hóòlù tuntun mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ rọ́bà

Ṣé ẹ rí i, mo ti ń rò tẹ́lẹ̀ pé nǹkan ńlá ló máa ń pa kànga. Mo rò pé omi ló ń gbẹ nínú ilẹ̀, tàbí wọ́n jí ẹ̀rọ kó. Fọ́nfọ́n tó pọ̀ jù ní Màláwì, Afridev ni wọ́n ń pè é. Ní Màláwì yẹn àti Kenya ni wọ́n ti ṣètò ẹ̀ ní bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ohun tí wọ́n sì torí ẹ̀ ṣe é ni pé kí ará abúlé lè máa tún un ṣe fúnra wọn. Spánà kan. Wọ́n lè fa ohun tó wà nínú ẹ̀ jáde láìtú páìpù. Rọ́bà kan wà níbi tó ti ń fa omi, òun ló máa ń jẹ, bí wọ́ṣà ẹ̀rọ omi ìdáná yín ṣe máa ń jẹ, ó sì yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dọọdún. Ó tán. Ohun tó ń sọ abúlé odindi padà sódò, ó lè wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì.

Kì í dẹ̀ ṣe Màláwì nìkan. Àwọn tó ń tọpa fọ́nfọ́n ọwọ́ káàkiri Áfíríkà ti sọ ọ́ láti nǹkan bí 2009 pé tó bá jẹ́ mẹ́ta lo rí, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan má ṣiṣẹ́. Ẹ rò ó wò. Ẹ rò iye ríbọ́ọ̀nù tí wọ́n ti gé.

Kí ẹ má baà rò pé àwa tá a ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kiri níbi párì nìkan lọ̀rọ̀ yìí bá wí, àwọn ńlá-ńlá náà ti ko ó. Ní 2006, ní New York, Laura Bush tó jẹ́ ìyàwó ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn bá wọn kéde ẹ̀rọ omi kan tí wọ́n ń pè ní PlayPump. Àwọn ọmọdé á máa gun nǹkan ìṣeré tó ń yí po, bó ṣe ń yí ló ń fa omi lọ sókè sínú táńkì. 4,000 ni wọ́n ní àwọn máa rì mọ́lẹ̀ kó tó di 2010, ẹyọ kan nínú ẹ̀ tó $14,000. Ẹ wá gbọ́ ibi tó dùn: ara táńkì yẹn ni wọ́n fẹ́ máa lẹ ìpolówó ọjà mọ́, owó ìpolówó yẹn ló máa máa tún ẹ̀rọ ṣe. Ilé iṣẹ́ wo ló fẹ́ polówó fóònù fún abúlé tí mọ́tò kì í gbà kọjá? Ara táńkì wà lófìfo. Ọmọdé sì ni ọmọdé, eré tó bá ti di iṣẹ́, wọ́n á sá. Àwọn ìyá wọn ló wá ń fi ọwọ́ ti nǹkan ìṣeré po kí wọ́n tó rí omi gbé kaná. Wọn ò dé 4,000 yẹn rárá kí wọ́n tó pa á tì.

Àwọn yẹn gbọ́kàn lé orúkọ láti tún ẹ̀rọ ṣe. Orúkọ kì í tún ẹ̀rọ ṣe.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa pinnu ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e nìyí: kò sí bọ́ọ̀hóòlù tuntun. Rọ́bà, ọ̀pá irin, spánà, kẹ̀kẹ́ ológeere méjì, kí wọ́n kọ́ obìnrin méjì níṣẹ́ ẹ̀, kí ìyókù rọ́bà wà ní ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò kan lọ́jà kí ẹni tó bá nílò ẹ̀ lè rí i rà. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yẹn kan náà ni wọ́n já iye kwacha, owó Màláwì, wálẹ̀, dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bíi kwacha 1,180 jí láàárọ̀ di 1,700. Àwa tá a ti rí ohun tó ṣe náírà ní June ọdún yẹn ò ní kí wọ́n túmọ̀ ẹ̀ fún wa, gbogbo ohun tó bá ti òkè òkun wọlé ló gbówó lórí. Síbẹ̀, owó bọ́ọ̀hóòlù kan tún gbogbo mọ́kànlá ṣe, ó tún ṣẹ́kù.

Fọ́tò tí mo pín ní February nìyẹn. Fọ́nfọ́n àtijọ́, omi ń tú, ọmọdé méjì, bọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé. Orúkọ àwọn ará ibòmíì ló dẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, lẹ́tà wúrà. Ìyẹn ni Bàbá Ìbejì fi ìka fẹ̀.

Kànga Ìyá Alákàrà

Ẹ má rò pé mo fẹ́ bú àṣà wa o. Mo mọ àwọn tó máa yára sọ pé ìgbéraga ni, pé òyìnbó máa ń fowó sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀ (irọ́ ni, ẹ lọ wo ara bẹ́ǹṣì ní páàkì, orúkọ ni gbogbo ẹ̀). Lọ́dọ̀ wa, orúkọ tí wọ́n pè ni rìsíìtì. Ẹni tó bá sọ £100 sínú máíkì, igba èèyàn ti di ẹlẹ́rìí, tí ò bá san án, kò tún lè jókòó síwájú mọ́. Bí alájọ ṣe ń fa ìlà sórí káàdì náà ni. Orúkọ la fi ń di èèyàn mú. Torí ẹ̀ nígbà tí Bàbá Ìbejì ní orúkọ wa dà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ rìsíìtì ni wọ́n ń béèrè, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ó dẹ̀ tún ṣeé ṣe kó jẹ́ fáàrí. Ẹ jẹ́ ká má parọ́ fúnra wa, ó lè jẹ́ méjèèjì.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni máàbù yẹn. Rìsíìtì tó yẹ kí wọ́n fi di ẹni tó ni ín mú, ó wà níbẹ̀, wọ́n ń nu eruku ara ẹ̀, wọn ò rí ẹni tí wọ́n máa dì mú. Kò sí nọ́ńbà fóònù lábẹ́ ẹsẹ Bíbélì. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi pe orúkọ tí kò dáhùn.

Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ń sá yẹn ni kànga ilé wa wá sí mi lọ́kàn. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, lẹ́yìn ilé tí mo dàgbà sí, kànga kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pọn. Mi ò mọ ẹni tó sanwó ẹ̀. Mo tiẹ̀ pe àǹtí mi láti bi wọ́n, wọ́n ní bóyá bàbá bàbá wa ni, bóyá onílé tó ti wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, kò dá àwọn náà lójú. Kànga Ìyá Alákàrà la máa ń pè é. Ìyá yẹn kì í ṣe ẹbí ẹnikẹ́ni nínú ilé, yàrá kan ló háyà. Ṣùgbọ́n òun ló ń ra okùn. Tí okùn bá já, òun ló ń so ó, tí dòrò bá jábọ́ sínú ẹ̀, òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìkọ́ wá a jáde, tí a bá gbé bàtà ẹlẹ́rẹ̀ gorí ẹnu kànga, ìgbákọ àkàrà ló máa fi lé wa. Alẹ́ ló máa ń fi páànù bò ó, á sì fi òkúta lé e. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ ẹ̀ síbì kankan, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ogún ọdún tó ti kú, àǹtí mi ṣì ní, "Ṣé Kànga Ìyá Alákàrà lò ń wí?"

Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwa wo ilé, a rí ẹni tó ń ra okùn.

Mo pè wọ́n

Mo wá jókòó ní Sunday méjì tẹ̀léra, mo pe mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n wọn níkọ̀ọ̀kan. Mi ò fi sórí gúrúùpù, ọ̀rọ̀ tí mo fi máíkì sọ kò yẹ kí n fi tẹ́ẹ̀sì yí padà. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní èmi ni mo jẹ́ ẹnu, ẹgbẹ́ yẹn ò mọ̀ nǹkan kan. Èyí tó pọ̀ jù ti gbàgbé. Arábìnrin kan ní, "Orúkọ wo? Àbí o ti ń ṣiṣẹ́ jù ni?" Ẹnì kan bi mí bóyá òun ṣì lè kọ fọ́ọ̀mù Gift Aid báyìí, mo ní ọdún mẹ́rin ni wọ́n fàyè gbà láti fi béèrè ẹ̀ padà, inú ẹ̀ dùn ju ti kànga lọ.

Ẹnì kan ní kí n dá £100 òun padà. Kò pariwo, ó ní ohun tí òun rà òun ò rí i gbà. Mo dá a padà látinú àpò ara mi, torí rọ́bà ti wọ fọ́nfọ́n. Mo rò ó títí, mi ò rí ibi tó ti jẹ̀bi. A ṣì máa ń kíra wa lóde, ṣùgbọ́n mo ti kíyè sí i pé kì í jókòó sídìí tábìlì mi mọ́.

Bàbá Ìbejì ni mo fi sí ìkẹyìn. "Ẹ wá jẹ́ kó pẹ́ tó báyìí kẹ́ ẹ tó pè mí," wọ́n ní. Mo ní ẹ má bínú sà, ojú ló ń tì mí. Mo sọ gbogbo ẹ̀, máàbù, ewúrẹ́, kẹ̀ù kẹ̀ù, ohun tí obìnrin yẹn sọ. Mo ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn wọn, ó ṣe díẹ̀ mi ò gbọ́ ọ mọ́, wọ́n ti pa á.

"Rọ́bà yẹn, èló ni?"

Mo sọ fún wọn.

"Hẹn-ẹn! Ìyẹn ò ra ìgò màlútà méjì níbi párì yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Ta ló ń pààrọ̀ ẹ̀?"

Mo ní obìnrin méjì ni, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn láti abúlé dé abúlé, wọ́n ní nọ́ńbà ẹgbẹ́ wa, àwa náà ní tiwọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, "Obìnrin mẹkáníìkì." Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́. Mo rò pé ìlà ti gé. Mi ò mẹ́nu kan Àgọ́-Ìwòyè o, ta ni mo jẹ́.

"Ìyá Dámi, ẹ dúró ná, ẹ má gé e."

Mo gbọ́ tí wọ́n gbé fóònù kejì, tó ń dún, tó ń dún, tí ẹnì kan wá gbé e. "Sámù, pẹ̀lẹ́ o. Rárá, kò sí wàhálà. Jọ̀ọ́, jáde síwájú ilé. Ẹ̀rọ omi yẹn, èyí tí mo gbẹ́. Lọ ṣí i." Wọ́n dákẹ́. "Mi ò ní kó o sọ fún mi. Ṣí i, kó o gbé fóònù sún mọ́ ọn, kí n gbọ́ ọ fúnra mi."

Ìlẹ̀kùn kan dún lọ́hùn-ún, ajá kan gbó. Bàbá Ìbejì gbé fóònù méjèèjì ti ara wọn, àwa méjèèjì ń tẹ́tí.